Èwo ni kí a kọ́kọ́ yí nínú rédíò SDR? Ìdáhùn sí olùkọ́ kan ní Àgbádárìgì

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Nínú ìbéèrè yín, ẹ ní RTL-SDR V3 ni ẹ rà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré SDR tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ rédíò, ẹ sì fi SDR++, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí rẹ̀, sórí láptọ́ọ̀pù yín. Ní Àgbádárìgì tí ẹ wà, Radio Lagos 107.5 ń wọlé, ṣùgbọ́n ariwo ṣìììì kan ń bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò dé òpin. Lálẹ́, tí ẹ bá lọ sórí medium wave láti gbọ́ TWR (Trans World Radio, ilé-iṣẹ́ rédíò Kristẹni) tí ó ń sọ̀rọ̀ láti Parakou ní ilẹ̀ Benin lórí 1566 kHz, ohùn náà ń rì, ó ń yọ, ọ̀rọ̀ kò sì dá ṣáká. Ẹ ti gbé Gain dé òpin, ẹ ti dín Bandwidth kù sí 3 kHz, ẹ sì ti tan Noise Reduction tí ń dín ariwo kù, síbẹ̀ ńṣe ló ń burú sí i. Ohun tí ẹ wá ń béèrè ni èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nínú gbogbo bọ́tìnì wọ̀nyí, àti iye tó yẹ kí ẹ fi wọ́n sí.

Ìgbì tí áńtẹ́nà gbà kì í bọ́ sí etí yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ń gba inú ẹ̀rọ tí ń fún un lágbára kọjá, èyí tí Gain ń darí. Lẹ́yìn èyí ni RTL yóò sọ ọ́ di nọ́ńbà, tí kọ̀ǹpútà yóò fi asẹ́ (Bandwidth ni ìbú asẹ́ yìí) yọ ìkànnì kan ṣoṣo tí ẹ ń fẹ́ kúrò láàárín gbogbo èyí tó wọlé, tí yóò tú ohùn jáde láti inú rẹ̀, tí yóò ṣe àtúnṣe sí ohùn náà, kí ó tó wá gbé e fún sìpíkà. Ohun tó bá ti bàjẹ́ ní ibì kan lójú ọ̀nà yìí, ibi tó tẹ̀lé e kò lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Noise Reduction tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ̀yìn ló wà. Gain tí ẹ gbé dé òpin, iwájú ló wà, àṣìṣe tó bá sì ti iwájú wá yóò bá gbogbo ìyókù dé ẹ̀yìn. Nítorí náà, láti iwájú ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ pa Noise Reduction. Ẹ pa Squelch, tí ń pa ohùn mọ́ títí tí ìkànnì yóò fi lágbára tó. Ẹ pa RTL AGC àti Tuner AGC, àwọn tí ń yí agbára padà fúnra wọn, kí ẹ wá kọjú sí Gain nìkan. Ẹ̀rọ RTL2832U tó wà nínú ohun tí ẹ rà, tẹlifíṣọ̀n DVB-T ni wọ́n ṣe é fún. Bíìtì 8 péré ló fi ń ka ìgbì, ìyẹn ni pé àtẹ̀gùn 256 ni gbogbo ohun tó ní láti fi wọn ìgbì, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkànnì tó lágbára jù lọ títí dé orí èyí tí a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́. Bí Gain bá wà ní 49.6 dB tó jẹ́ òpin rẹ̀ (dB ni a fi ń wọn bí agbára ṣe pọ̀ sí i tàbí dín kù), ìkànnì FM méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára ní sàkání yín yóò gba àtẹ̀gùn wọ̀nyí tán, wọn yóò sì máa da ara wọn rú. Ẹ ó máa rí ìkànnì níbi tí kò sí ìkankan, ìlà ariwo tó wà nísàlẹ̀ àwòrán ìgbì yóò gbéra sókè, ìkànnì tí ẹ ń fẹ́ yóò sì rì sínú rẹ̀.

Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ iye tó tọ́. Ẹ gbé 107.5 sójú kọ̀ǹpútà, ẹ mú Gain wá sí òdo, kí ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má wo bí òkè ìkànnì náà ṣe ga tó. Àlàfo tó wà láàárín orí rẹ̀ àti ìlà ariwo nísàlẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí Gain ṣe ń lọ sókè ni àlàfo náà yóò máa fẹ̀ sí i. Yóò wá dé ibì kan tí orí ìkànnì àti ìlà ariwo yóò jọ máa gòkè pọ̀, tí àlàfo kò ní fẹ̀ mọ́. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sì padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ìlú tí ìkànnì FM ti pọ̀, inú 15 sí 30 dB ni èmi máa ń retí pé yóò bọ́ sí, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà yín àti ibi tí ẹ gbé e kọ́ ni yóò sọ. Ẹ máa ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kansí nígbàkígbà tí ẹ bá yí áńtẹ́nà padà.

Ó kan asẹ́ wàyí. Lórí FM, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí asẹ́ bá ṣe há tó ni ohùn yóò ṣe mọ́ tó, ọ̀rọ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò FM máa ń fi ìgbì rẹ̀ rìn 75 kHz sí òsì àti 75 kHz sí ọ̀tún, ohùn tó sì ń gbé máa ń dé 15 kHz. Bí a bá ro wọ́n pọ̀, ìbú tí ètò mónò ń fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 180 kHz. Sitẹ́rìò ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìsọfúnni rẹ̀ dé 53 kHz, ìyẹn sì sún ìbú náà dé nǹkan bíi 256 kHz. Bí ẹ bá mú asẹ́ há ju bí ètò ṣe fẹ̀ lọ, kì í ṣe ohùn wẹ́wẹ́ tó ga nìkan ni ẹ ó pàdánù: ìgbàkigbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá gbóhùn sókè tàbí tí ìlù bá dún kíkan, ìgbì náà yóò ya kọjá etí asẹ́, ohùn yóò sì fọ́. Fún 107.5, ẹ fi Bandwidth sí 180 kHz. Bí ìkànnì mìíràn bá súnmọ́ ọn tó ń ta sí i, ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 150, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ètò tó ní orin nínú.

Ariwo ṣìììì tí ẹ ń gbọ́, mo gbà pé inú sitẹ́rìò ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti tú FM, bí a bá ṣe ń lọ sókè nínú ohùn tó jáde ni ariwo ṣe ń pọ̀ sí i. Ohùn mónò wà nísàlẹ̀, níbi tí ariwo kò ti pọ̀. Àmì sitẹ́rìò dúró lórí 19 kHz, ìyàtọ̀ láàárín etí òsì àti etí ọ̀tún sì wà láàárín 23 àti 53 kHz, níbi tí ariwo ti ga gan-an. Tí ẹ bá tan Stereo, ńṣe ni ẹ ń lọ kó ariwo òkè yẹn wá sísàlẹ̀. Bí ìkànnì náà kò bá lágbára tó, ariwo sitẹ́rìò lè fi nǹkan bíi 20 dB ju ti mónò lọ. Láti Ìkẹjà, níbi tí Radio Lagos wà, sí Àgbádárìgì jìnnà, ìròyìn àti ètò ọ̀rọ̀ ni ẹ sì sọ pé ẹ ń gbọ́. Kò sí ohun tí sitẹ́rìò ń fi kún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo De-emphasis. Ilé-iṣẹ́ FM máa ń fi agbára kún ohùn wẹ́wẹ́ kí ó tó fi ránṣẹ́, rédíò yóò sì dín in kù ní ìwọ̀n kan náà nígbà tí ó bá gbà á, kí ariwo òkè lè bá a lọ sílẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní apá ọ̀dọ̀ wa ni 50 µs. 75 µs ni ti Amẹ́ríkà. Bí tiyín bá wà ní None tàbí 22, ohùn yóò máa ta ni létí, ariwo yóò sì pọ̀. Bí ó bá wà ní 75, ohùn yóò dún bò-ò-bò. Ẹ fi sí 50.

Medium wave ni ọ̀rọ̀ ti ń gùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbú asẹ́ ti ń ṣe ènìyàn ní oore tàbí ibi jù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé Direct Sampling wà lórí Q branch, nítorí pé lórí V3, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 24 MHz kì í gba inú tuner (ẹ̀yà tí ń yan ìkànnì, tí ń sì ń fún un lágbára) kọjá; Direct Sampling ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ka ìgbì tààrà láìsí i. Níbẹ̀, bọ́tìnì Gain kò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Áńtẹ́nà yín ni Gain yín. Wáyà gígùn tí ẹ ta síta, tó jìnnà sí ògiri ilé àti sí wáyà iná, yóò ṣe ju ohunkóhun tí ẹ bá yí lójú kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ tún mọ̀ pé ìgbà 28.8 mílíọ̀nù ni ẹ̀rọ yìí ń wo ìgbì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ohun tó bá kọjá ìdajì rẹ̀, ìyẹn 14.4 MHz, yóò ká padà sísàlẹ̀. VON (Voice of Nigeria), tí òpó shortwave rẹ̀ àtijọ́ wà ní Ìkòròdú níbí lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ 15120 kHz; lórí V3, ìkànnì bẹ́ẹ̀ lè yọjú sí yín ní 13680 kHz pẹ̀lú. Kì í ṣe asẹ́ ohùn ló ń tún ìyẹn ṣe, kí ẹ má bàa máa fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Ìgbì AM, irú èyí tí medium wave ń lò, ní apá méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan sì gbé odindi ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí Bandwidth AM fi jẹ́ ìlọ́po méjì ohùn tí ẹ ó gbọ́. Bí ẹ bá fi sí 9 kHz, ohùn yóò dé 4.5 kHz, bí ẹ bá fi sí 6, yóò dé 3, 3 kHz tí ẹ fi sí yẹn, 1.5 kHz péré ni ohùn tó kù nínú rẹ̀. Kò sí bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe dá ṣáká nínú 1.5 kHz, bí ó ti wù kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ya ẹnu tó.

Mo fẹ́ kí ẹ fi etí yín dán èyí wò, nítorí pé èdè wa ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí a fi ń mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́, asẹ́ tó há kì í tètè pa wọ́n, nítorí pé ìró ẹnu ènìyàn máa ń tún ara rẹ̀ sọ léraléra lókè, etí sì ń fi ìwọ̀nba èyí tó bá kù mọ bí ohùn ṣe ga tó. Àwọn kọ́ńsónáǹtì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jáde ni yóò kọ́kọ́ lọ. Agbára ṣ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 2.5 kHz sókè, ti s sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé láti 4 kHz lọ sókè ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ohùn kò bá kọjá 3 kHz, s yóò máa jọ f. Bí kò bá kọjá 1.5, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ó sá, ó ṣá tàbí ó fá ni ẹni náà wí. Ọpọlọ yóò máa fi ìtumọ̀ gbólóhùn dí àlàfo náà, ó sì lè máa ṣe é fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n yóò rẹ̀ yín, ibi tí orúkọ ènìyàn tàbí orúkọ ìlú bá sì ti wọ̀ ọ́, kò ní rí i dí.

Kí ló wá dé tí a kì í fi ṣí asẹ́ sílẹ̀ gbayawu? Nítorí pé bí asẹ́ ṣe fẹ̀ tó ni ariwo tó ń gba inú rẹ̀ wọlé ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá gé ìbú rẹ̀ sí méjì, agbára ariwo di ìdajì, ìyẹn ni 3 dB. Yàtọ̀ sí èyí, ní ilẹ̀ Áfíríkà, 9 kHz ni wọ́n fi ń ya ìkànnì medium wave sí ara wọn, nítorí náà 1557 àti 1575 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1566 yín, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ìkànnì ọ̀nà jíjìn yóò máa wọlé sórí wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 9 kHz. Bí ẹ kò bá gbọ́ aládùúgbò kankan, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn wẹ́wẹ́ tí kò ní ìtumọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn gidi, ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dákẹ́, ṣùgbọ́n 5.5 ni kí ẹ gbà pé ó jẹ́ ààlà fún ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ fẹ́ gbọ́ yé.

Bí aládùúgbò tó ń ta sí i bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà kan wà tó dára ju kí a gé méjèèjì lọ. Nítorí pé apá kọ̀ọ̀kan gbé odindi ọ̀rọ̀, ẹ lè fi AM sílẹ̀ kí ẹ yan USB tàbí LSB, ìyẹn apá òkè nìkan tàbí apá ìsàlẹ̀ nìkan. Bí 1575 ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ yan LSB. Bí 1557 ni, ẹ yan USB. Ẹ fi Bandwidth sí 4 kHz, èyí tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ohùn báyìí, kì í ṣe ìdajì. Ohun tí ó gbà ni pé kí ẹ gbé ìlà yín lé àárín ìkànnì náà gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ ó gbọ́ súfèé kan. Bí ẹ bá ṣe ń súnmọ́ àárín ni súfèé náà yóò máa rẹlẹ̀, títí yóò fi di gbígbọ̀n, tí kò sì ní sí mọ́. Àǹfààní kejì tí ọ̀nà yìí ní ni pé ó ń dín bíbàjẹ́ ohùn òru kù. Ìgbì tó rìn nílẹ̀ àti ìgbì tó gbojú ọ̀run wá máa ń pa ara wọn nígbà mìíràn, bí ó bá sì ṣe àárín ìkànnì ni wọ́n pa, AM lásán kò ní rí ohun tí yóò fi tú ọ̀rọ̀, ohùn yóò sì fọ́. USB àti LSB kò gbára lé àárín yẹn, nítorí pé kọ̀ǹpútà ló ń pèsè tirẹ̀. Rírì àti yíyọ tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀, ibí ni mo ti rò pé ẹ ó ti rí ìyàtọ̀ jù lọ.

Bí ẹ bá dúró lórí AM, ẹ yan Carrier AGC, kí ẹ sì jẹ́ kí Decay, ìyẹn bí ó ṣe ń yára gbé ohùn padà sókè, lọ́ra. AGC ló ń gbé ohùn sókè nígbà tí ìkànnì bá rẹlẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá ga. Bí ó bá ń yára jù, ìgbàkigbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá mí ni yóò fa ariwo wọlé. Carrier AGC ń wo agbára ìkànnì fúnra rẹ̀, kò wo ọ̀rọ̀, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ kì í tàn án jẹ.

Ariwo tó ń ta pàrà-pàrà tún yàtọ̀. Ṣájà fóònù, gílóòbù LED, inverter, ẹ̀rọ tí ń darí iná oòrùn àti pulọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń dá a sílẹ̀. Noise Blanker ni wọ́n ṣe fún irú rẹ̀: ó ń wá ìta kúkúrú tó ga lójijì, ó sì ń pa á lẹ́nu mọ́ fún ìwọ̀nba ìgbà tó fi wà. Ṣùgbọ́n bí òkúta tí a jù sínú ọ̀sà ṣe máa ń ta omi ní ojú kan kí ó tó di òrùka tó ń fẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìta kúkúrú ṣe máa ń gùn tí ó sì ń rẹlẹ̀ bí ó bá ti gba inú asẹ́ tó há kọjá, blanker kò sì ní lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ mọ́. Asẹ́ 3 kHz yín wà lára ohun tó jẹ́ kí ó dà bíi pé blanker kò ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, kí a wá orísun ariwo ló dára jù. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ó máa lo bátìrì. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ pa inverter bí ó bá ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìlà ariwo bóyá ó sọ̀kalẹ̀. Wáyà USB ti kọ̀ǹpútà (kì í ṣe USB apá òkè ìgbì) oní mítà kan tí ó gbé RTL jìnnà sí ara láptọ́ọ̀pù náà máa ń ṣe ìrànlọ́wọ́.

Noise Reduction ló kẹ́yìn, mo sì ní ìdí tí n kò fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ó ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, ó ń fojú díwọ̀n iye ariwo tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yọ ọ́ kúrò. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti ga ju ariwo lọ, ó ń yọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, ohun tó kù yóò sì máa mì. Àmì ohùn tí asẹ́ há kò lè pa, mímì yìí lè pa á, nítorí pé bí ohùn ṣe ń lọ sókè tó sì ń lọ sílẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ ní pípa títí tí gbogbo ìyókù yóò fi tọ́. Bí ẹ bá ṣì nílò rẹ̀ nígbà náà, díẹ̀ ni kí ẹ tàn.

Squelch kò kan ìkànnì tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó wúlò bí ẹ bá fẹ́ máa retí ìpè lórí ìkànnì 16 ti àwọn ọkọ̀ ojú omi, 156.8 MHz, pẹ̀lú NFM (FM tí ìbú rẹ̀ kéré) àti Bandwidth bíi 16 kHz. Ní ti ohùn tó ń jáde láti inú láptọ́ọ̀pù, ẹ fi Sample Rate rẹ̀ (iye ìgbà tí a ń wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí 48000, kí ẹ sì pa gbogbo àtúnṣe ohùn tí Windows ń ṣe fúnra rẹ̀, nítorí pé òun náà ń yí ohun tí ẹ ti fi sùúrù tò padà láìsọ fún yín. Íyàpíìsì oníwáyà ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò, kì í ṣe sìpíkà láptọ́ọ̀pù, tí kì í gbé ìyàtọ̀ s àti ṣ jáde dáadáa.

Níkẹyìn, kò rọrùn láti fi asẹ́ wé asẹ́ nígbà tí ìkànnì náà ń yí padà ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ẹ lo Recorder, kí ẹ yan Baseband, ìyẹn ìgbì fúnra rẹ̀ kí asẹ́ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ fi Sample Rate sí 250 kHz. Ìṣẹ́jú kan yóò gba nǹkan bíi 60 MB. Tí ẹ bá fi sí 2.4 MHz, ìṣẹ́jú kan náà yóò gba 576 MB, medium wave kò sì nílò rẹ̀. Ẹ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ètò alẹ́, lẹ́yìn náà ẹ fi File ṣí i lọ́sàn-án, kí ẹ tẹ́tí sí gbólóhùn kan náà pẹ̀lú 9, pẹ̀lú 6, pẹ̀lú LSB àti USB. Gbogbo asẹ́ àti AGC ni ẹ lè yí bó ṣe wù yín nínú fáìlì bẹ́ẹ̀. Gain orí FM àti áńtẹ́nà medium wave nìkan ni ẹ kò ní lè fọwọ́ kàn mọ́, nítorí náà kí ẹ rí i pé àwọn méjèèjì ti tọ́ kí ẹ tó tẹ Record.